Oníbodè Tó Ń Gba Nọ́ńbà Mẹ́fà

                                        Ilé Kejìlá, Ẹ̀gbẹ́ Ilé Oníbàtà,
                                        Ọ̀nà Èbúté.
                                        Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n tí kì í gbé fóònù,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé èjìká tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀, àbí ó ṣì ń fi í sá fún iṣẹ́ ilé? Àwọn ọmọ méjèèjì ńkọ́, èyí tó ń gbọ́ràn àti èyí tó jọ ọ́? Ìwọ alára, ikọ́ ọjọ́sí ti lọ bí? Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ yìí, fóònù rẹ dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà kì í kú bátìrì, yóò sì dúró lórí tábìlì rẹ títí ojú yóò fi tì ọ́.

Ara Màmá le. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já. Ìbàdí tó kán yẹn ti ń jinná. Ó ti ń fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn láti yàrá dé iwájú ilé, níbi tó ń jókòó sí láàárọ̀ tó ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ó ti mọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìyàwó oníbàtà àti ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì ti dá ẹjọ́ náà. Ìyàwó ló jẹ̀bi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú ló mú mi kọ̀wé. Bọ̀ọ̀dá á pè ọ́, ìyẹn bí o bá gbé e, ó sì sàn kí o ti gbọ́ tẹnu mi kó tó di pé o gbọ́ tirẹ̀.

O mọ̀ pé nígbà tí Màmá ṣubú, mo bẹ ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kò béèrè pé kí n rí omi. Èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ báyìí yóò gbéra ní aago báyìí, yóò gúnlẹ̀ ní aago báyìí. Bí ó bá wu àwọn awakọ̀, wọ́n á tẹ̀lé e. Ọ̀gá mi gbà. Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù là ń pè é lẹ́yìn, torí bí iná bá ń jó ilé, á ní kí ẹ kọ́kọ́ kọ irú iná tó jẹ́ sílẹ̀. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo buwọ́ lù ú. Òfin méjì ló wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Bí òṣìṣẹ́ bá fi ọjọ́ mẹ́ta léraléra kùnà láti wọlé sẹ́nu iṣẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, àyè àtiṣiṣẹ́ láti ilé ti parí, kó máa bọ̀ ní ọ́fíìsì. Bí ẹlòmíràn nínú ilé bá sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ iṣẹ́, ó ti parí lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, kò sí pé à ń dúró de ọjọ́ kẹta.

Bí mo bá padà sí ọ́fíìsì, ta ni yóò wà nílé pẹ̀lú Màmá? Bọ̀ọ̀dá ti ní ìdáhùn. Ó ti ní in láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn: kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ilé Bọ̀ọ̀dá dára o, n kò ní í sọ ọ́ láìdáa. Àjà kẹrin ni, àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́rin, mo kà wọ́n. Òun àti ìyàwó rẹ̀ á jáde láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun á ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún un. Ẹni tó ń ṣe adájọ́ àdúgbò, ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ, níbi tí kò ti ní í rí ju òrùlé ilé onílé lọ, tí kò sì ní í lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mo ti sọ fún Màmá pé kò ní í lọ. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ní agbára.

Jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, kí o lè mọ irú ohun tó kọlù mí. Kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ ń bẹ ní ọ́fíìsì, lábẹ́ tábìlì mi. Èyí tó wà nílé kò ní nǹkan kan nínú. Ojú ti ọ́fíìsì ló kàn ń fi hàn mí, bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé. Ohun tí mo bá tẹ̀ níbí, ọ̀hún ló ti ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ wọn ò jẹ́ kí n lọ bá a tààrà, wọ́n ní olè pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ kan wà láàrin tí wọ́n ń pè ní pírọ́sì. Èmi ń pè é ní Oníbodè. Oníbodè á gba orúkọ, á gba ọ̀rọ̀ ìwọlé, á tún wá gba nọ́ńbà mẹ́fà kan tí fóònù iṣẹ́ mi ń mú jáde, tí kì í pé ìdajì ìṣẹ́jú tó fi ń yí padà. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, á la ọ̀nà kọ̀rọ̀ kan fún mi dé ìdí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò lè yọjú sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ.

Láàárọ̀ Ajé, mo jókòó, mo fún Oníbodè ní orúkọ, ó gbà á. Mo fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, ó gbà á. Mo fún un ní nọ́ńbà mẹ́fà, ó ní rárá. Mo dúró kó yí padà, mo fún un ní tuntun, ó tún ní rárá. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mọkànlá. Lẹ́ẹ̀kejìlá, ó tilẹ̀kùn mọ́ mi síta fún odidi wákàtí kan, bóyá kí n lọ ronú pìwà dà.

Mo pe ẹ̀ka ìrànwọ́. Ọkùnrin tó ń gbé fóònù níbẹ̀ ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Pa-á-tàn-án ni gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n sí, torí oògùn kan ṣoṣo tó ní fún gbogbo àìsàn nìyẹn. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ ti pa á kẹ́ ẹ tún un tàn?" Mo ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe lójú òun. Lójú rẹ̀, lórí fóònù. Mo pa á, mo tàn án. Ó ní kí n yọ okùn tó gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá, kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, kí n wá kì í bọ̀ ọ́ padà. Èmi, àgbàlagbà obìnrin, mo kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí okùn lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ó ní ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló kú. Ó lọ wò ó, ó padà dé pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀: kò kú, aládùúgbò tábìlì mi ló kàn sá agboòrùn tútù sí orí rẹ̀. Ó bá mi gbé agboòrùn náà kúrò. Oníbodè ṣì ní rárá.

Ibi tí mo ti fi ọwọ́ ara mi dá kún un nìyí, tètè rẹ́rìn-ín kí o ṣíwọ́. Lọ́sàn-án Ajé yẹn, mo rí i pé aago ojú kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn ti fóònù pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo wo aago orí tábìlì ní pálọ̀, òun àti fóònù ń sọ ohun kan náà. Aago méjì ta ko ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà yẹn ń falẹ̀ nínú ohun gbogbo tó ń ṣe, kò sì yà mí lẹ́nu pé aago rẹ̀ náà ń falẹ̀. Mo bá sún un síwájú kó lè bá ti fóònù mu, inú mi sì dùn pé ó kéré tán, mo tún nǹkan kan ṣe lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Pa-á-tàn-án yí ọ̀rọ̀ ìwọlé mi padà. Ó ní kí n yọ ètò náà kúrò pátá kí n tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Mo yọ ọ́, mo gbé e padà. Ó ní kí n máa ka nọ́ńbà tí mo bá rí lójú fóònù sí òun létí, mo kà á bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí bóyá mò ń lo awò ojú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé mo wọ̀ ọ́ báyìí? Àbúrò mi, n kò bú u. Mo kàn fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, mo lọ mu omi, mo padà wá bá a níbi tó ti ń ṣe "hẹ́lò, hẹ́lò".

Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù ní òun á máa pè mí ní aago méjìlá géérégé. Nígbà tó pè lọ́jọ́ náà, méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú fóònù mi, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé òun náà kúkú ń pẹ́. Ó fi ohùn oyin kí mi, "Ẹ kú ìsinmi o." Ó ní ọjọ́ kejì rèé, ó ku ọ̀la. Kò pẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá pè. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó ní òun ti wọn ibi tí bẹ́ẹ̀dì Màmá máa wà. Mo dá a lóhùn pé kó wọn ẹnu ara rẹ̀ náà, ká mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti pálọ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí ìyẹn ti dẹ́rù bà mí, torí ìgbà wo ni Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò dá sí i?

Ọjọ́rú dé. N kò jẹun. Látàárọ̀ ni èmi àti Pa-á-tàn-án ti jọ wà lórí fóònù bí olólùfẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, kò sí àwàdà níbẹ̀. Mo ń wo Màmá láti ojú fèrèsé bó ṣe ń jókòó síwájú ilé, mo sì ń rò ó pé ó lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn rèé. Nígbà tó yá, ọkùnrin yìí wá ṣe ohun tó yẹ kó ṣe láti Ajé. Ó ṣí àkọsílẹ̀ Oníbodè, ó kà á.

"Mà," ó ní, "nọ́ńbà tẹ́ ẹ̀ ń mú wá kì í ṣe irọ́ o. Nọ́ńbà yín ni. Àsìkò ẹ̀ ni ò tíì tó."

Mo ní kí ló ń sọ yẹn?

"Nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ ẹ mú wá ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i lẹ̀ ń mú wá báyìí. Aago mélòó ló wà lójú fóònù yín?"

Mo ní mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni lọ́dọ̀ àwọn. Ó wá ṣàlàyé pé fóònù àti Oníbodè kì í bára wọn sọ̀rọ̀ rárá. Aago ni kálukú wọn ń wò tó fi ń ṣírò nọ́ńbà tirẹ̀. Bí aago bá ti yàtọ̀, kí n máa tẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ àjíǹde, wọn ò ní í ṣe déédéé.

Mo wọ inú ètò fóònù. Ibi tó ti máa ń gba àkókò fúnra rẹ̀, ẹnìkan ti pa á. Kì í ṣe ohun tí ìka lè ṣèèṣì kàn o. Ojú ewé mẹ́rin lèèyàn máa ṣí kó tó débẹ̀, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ sún aago síwájú. Àwa méjì péré la sì wà nínú ilé yìí: èmi, àti ìyá àgbà kan tó ti ń sọ láti ọdún mẹ́fà pé òun ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti gbé ìpè, tó jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ bá a pe Bọ̀ọ̀dá ká sì dì í mú sí i létí.

Kò sí àyè ìjà. Mo dá aago fóònù padà, mo gba nọ́ńbà tuntun, Oníbodè ní kí n máa wọlé. Mo hó yèè! Mo dé ìdí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, òun náà ní rárá. Pa-á-tàn-án yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ń fura sí tilé, pé aago rẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣíwájú. Ó bi mí pé ta ló sún un. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Kí ló dé, mà?" Mo dá ìyẹn náà padà. Ní méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, ojú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yọ sí mi, pẹ̀lú gbogbo ọkọ̀ tí n kò tíì tò. Pa-á-tàn-án ní kí n pa á kí n tún un tàn, kó lè dá òun lójú. Mo ní kó lọ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu okùn.

Mo wá dìde, ó di pálọ̀. Màmá ti wọlé, ó jókòó. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sẹ́nu, ó sì pọ̀. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ni. Ó ní ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, òun gbọ́ nígbà tí ọ̀gá mi ń pariwo nínú fóònù pé mo fi ìṣẹ́jú méje pẹ́, pé ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Òun sì mọ ohun tó mú mi pẹ́. Òun ni mo ń kọ́kọ́ wẹ̀ kí n tó jókòó sídìí iṣẹ́. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí mò ń fọ abọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó sún aago fóònù àti aago orí tábìlì síwájú, kí n lè rò pé àkókò ti lọ, kí n tètè ṣe tán. "Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún yín nígbà tẹ́ ẹ wà nílé ìwé. Ṣé ẹ pẹ́ rí?"

Àbúrò mi, o rántí? A kò pẹ́ rí lóòótọ́. A kàn máa ń bá géètì ní títì ni, a sì máa ń rò pé àwọn tíṣà ló ń pẹ́.

Ẹ̀rín fẹ́ gbà mí, àfìgbà tí mo rí báàgì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó ti di ẹrù. Aṣọ rẹ̀, oògùn rẹ̀, sálúbàtà, gbogbo rẹ̀ ló ti dì, pẹ̀lú ìbàdí yẹn, nígbà tí mo wà nínú yàrá tí mò ń bá Pa-á-tàn-án jà. Ó ní, "Pe ẹ̀gbọ́n ẹ kó wá gbé mi. Mi ò ní í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi." Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Gbogbo ẹjọ́ tí mo tò sẹ́nu di omi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo gbé orí lé orúnkún rẹ̀ tí kò dùn ún, mo sì ń bẹ̀ ẹ́.

Àárín ẹ̀bẹ̀ yẹn ni fọ́ọ̀mù dé láti ọ́fíìsì, ta ni ìbá tún fi ránṣẹ́ bí kò ṣe ọ̀gá mi? Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀: kí ló fa ìkùnà, ta ló sì fà á? O rántí òfin kejì. Bí mo bá kọ ọ́ pé Màmá fọwọ́ kan fóònù iṣẹ́, àyè mi ti bọ́, báàgì yẹn á sì gun àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́rin. Mo ro ó. Mo kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló sún aago síwájú, nítorí kò mọ aago í wò dáadáa. Ìdajì rẹ̀ kúkú jẹ́ òótọ́. Wọn ò kúkú bi mí pé aago èwo.

Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù pè mí. Ó ní ṣé ẹni tó ti ń ṣètò àkókò ọkọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún ló kọ èyí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ tí yóò wà nínú fáìlì mi títí màá fi fẹ̀yìn tì. Ó forúkọ mi sí ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, níbi tí wọn yóò ti kọ́ mi ní ìlò àkókò. Ipò àgbà tó yẹ kó kàn mí ní ìparí ọdún, ó ní ká ṣì fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ó dùn mí. N kò ní í parọ́ fún ìwọ náà, ó dùn mí wọnú egungun. Àmọ́ kò gba àyè àtiṣiṣẹ́ láti ilé lọ́wọ́ mi.

Màmá ní kí n ka ohun tí mo kọ sí òun létí. Mo kà á. Ó ní, "Irọ́ lo pa yẹn." Mo ní mo mọ ẹni tí mo fi jọ. Ó fa báàgì sọ́dọ̀, ó ń yọ aṣọ inú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń nà án sí mi kí n kó o padà sí ibi tó wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé omi lọ bá a ní aago méje láti wẹ̀ ẹ́. Mo bá a lórí àga inú balùwẹ̀, ó ti wẹ̀ tán, ó ti wọṣọ. N kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ bó ṣe ṣe é pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan ààbọ̀. Ẹ̀wù wà lódìkejì, ọṣẹ ṣì kún etí rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ rin gbindin. Ó ní, "Kí lò ń wò? Lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

Nítorí náà, bí Bọ̀ọ̀dá bá pè, sọ fún un pé Màmá ò lọ síbì kankan. Má sọ ìyókù fún un, bẹ́ẹ̀ ni kí o má jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé mo sọ ti ipò àgbà yẹn fún ọ, torí n kò sọ ọ́ fún un.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti èjìká rẹ̀. Fi ẹnu ko àwọn ọmọ méjèèjì lẹ́nu fún mi. Màmá ní kí o jẹun dáadáa, kí o sì máa gbé fóònù. Ó ní bí o bá fẹ́, òun lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Èmi ni tìrẹ ní gbogbo ìgbà,
ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
tó buwọ́ lùwé pé òun ò mọ aago í wò.